Bí Ẹ Ṣe Lè Lọ sí WordCamp Kí Ẹ sì Jèrè Rẹ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Fi Iṣẹ́ Ìkànnì Jẹun

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi iṣẹ́ ìkànnì ayélujára jẹun ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Òṣogbo ló ń dá iṣẹ́ ṣe. Àwọn ló ń bá oníbàárà dúnàádúrà, àwọn ló ń kọ kóòdù, àwọn náà ló ń jí lóru bí sáìtì bá kú. Ohun tí kò bá yé wọn, YouTube ni wọ́n ń bi. Ó ń ṣiṣẹ́ dé àyè kan. Ṣùgbọ́n YouTube kò ní sọ fún yín bí àwọn tí ẹ jọ wà nínú iṣẹ́ ṣe ń gba owó wọn lọ́wọ́ oníbàárà tó ń fi òní dọ́la, kò sì ní wo ojú kọ̀ǹpútà yín kó sọ pé, "Ibí yìí ni wàhálà wà." Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹnu ènìyàn la ti ń gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rọ gbogbo ẹni tó wà nínú iṣẹ́ yìí pé kí wọ́n wá àpérò kékeré kan lọ: kì í ṣe èyí tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn ti ń gbún ara wọn, bí kò ṣe èyí tí ẹ ti lè bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ tán lórí pèpéle jókòó jẹun.

WordCamp, àpérò àwọn tó ń lo WordPress, ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ló sún mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa jù. WordPress, ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ ìkànnì, jáde ní 2003 láti ọwọ́ Matt Mullenweg ará Amẹ́ríkà àti Mike Little ará Ìlú Ọba. WordCamp àkọ́kọ́ wáyé ní San Francisco ní 2006. Láti ìgbà náà ló ti di pé ìlú tó bá ní àwọn tó ń lo WordPress, tí wọ́n sì ń pàdé déédéé, lè ṣe tiwọn. Èkó ti ṣe é, Kampala ti ṣe é, Cape Town náà ti ṣe é. Àwọn ará ìlú tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń ṣètò rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gba owó oṣù nídìí ẹ̀. Wọn kì í sanwó fún ẹni tó bá wá sọ̀rọ̀. Owó àwọn onígbọ̀wọ́ ni wọ́n fi ń mú kí tíkẹ́ẹ̀tì wọ́n lẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá dé ibẹ̀ tí ìlà gùn tàbí tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn dákẹ́: ẹni tó ń sáré kiri yẹn, ọ̀fẹ́ ló ń sáré.

Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì

Ẹ ṣí central.wordcamp.org. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kéde àwọn WordCamp tó ń bọ̀, pẹ̀lú ìlú àti ọjọ́ wọn. Bí ẹ kò bá rí èyí tó sún mọ́ yín, ẹ wò bóyá ìlú yín tàbí ìlú tó múlé gbè yín ní ìpàdé WordPress kéékèèké, orí Meetup.com ni wọ́n sábà máa ń kéde ìyẹn sí, ọ̀fẹ́ sì ni. Ní tèmi, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀, kódà bí WordCamp bá wà nítòsí. Ẹni tó bá ti mọ ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta níbi ìpàdé kékeré kò ní dúró bí àlejò ní ọjọ́ àpérò. Àwọn tó mọ̀ yẹn ni yóò máa mú un mọ àwọn yòókù.

Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá ti jáde, ẹ tètè rà á, torí àyè kì í pọ̀. Fọ́ọ̀mù náà yóò bi yín nípa oúnjẹ tí ẹ kì í jẹ àti ìrànlọ́wọ́ tí ẹ bá nílò láti wọ gbọ̀ngàn tàbí láti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ má fo ibẹ̀. Ohun tí àwọn olùṣètò bá kà nínú fọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń pèsè sílẹ̀. Yóò tún bi yín bóyá kí orúkọ yín hàn lára àwọn tó ń bọ̀. Bí kò bá sí ohun tó ń kọ yín lóminú, ẹ jẹ́ kó hàn, kí ẹni tó fẹ́ rí yín lè mọ̀ pé ẹ ń bọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ ka orúkọ àwọn tó kù.

Bí nǹkan bá yí padà tí ẹ kò lè lọ mọ́, ẹ kọ̀wé sí àwọn olùṣètò kí tíkẹ́ẹ̀tì náà lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Wọ́n ti ka yín mọ́ oúnjẹ ọ̀sán. Àga tó ṣófo níbi tí wọ́n ti lé ènìyàn padà dun àwọn olùṣètò wọ egungun.

Ìbéèrè tí ẹ ó gbé dání

Bí ẹ kò bá ní fara mọ́ ohun mìíràn tí mo sọ níhìn-ín, ẹ fara mọ́ èyí: ẹ má lọ ní ọwọ́ òfo. Ẹ mú ìṣòro kan, ẹyọ kan péré, tó ti ń yọ yín lẹ́nu lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ tún un ṣe títí yóò fi ṣeé sọ fún àlejò láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ẹni tó bá sọ pé "Sáìtì mi ń fà" kò tíì béèrè nǹkan kan. Gbogbo sáìtì ló ń fà níbì kan. Ẹ wo irú èyí: "Sáìtì ilé-ìwé kan ni mò ń bójú tó. Bí àwọn òbí bá fẹ́ wo èsì ìdánwò lórí fóònù, ojú-ìwé yẹn máa ń tó ìṣẹ́jú-àáyá 20 kó tó ṣí, àwọn ojú-ìwé tó kù sì ń ṣí kíá. Mo ti dín àwòrán kù, mo ti pa àwọn plugin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò yí padà. Mo fura sí database, àmọ́ n kò mọ ibi tí mo ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò." Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yóò ti máa fa àga sún mọ́ yín kí ẹ tó sọ̀rọ̀ tán, torí ẹ ti sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀, àti ohun tí ẹ ti gbìyànjú. (Plugin ni ètò kékeré tí à ń fi kún WordPress; database ni ibi tí sáìtì ń kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ pamọ́ sí.)

Láti tún ìbéèrè yín ṣe dé ibẹ̀, ẹ wọ inú dáṣíbọ́ọ̀dù WordPress yín, ẹ lọ sí Tools, kí ẹ tẹ Site Health. Abala Info níbẹ̀ ní bọ́tìnnì tí ẹ lè fi da gbogbo àlàyé sáìtì náà kọ: ẹ̀yà PHP (èdè tí wọ́n fi kọ WordPress), ẹ̀yà WordPress, theme (ohun tó ń fún sáìtì ní ìrísí), àwọn plugin tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú fáìlì kan, kí ẹ fi pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi plugin Query Monitor sórí ẹ̀dà sáìtì náà. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì máa ń fi ìbéèrè tí sáìtì ń bi database tó sì ń pẹ́ jù hàn yín, pẹ̀lú plugin tàbí theme tó bí i. Ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí ìdáhùn kí ọjọ́ àpérò tó pé. Kò burú, ẹ wá òmíràn.

Mo ní ẹ̀dà sáìtì, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́. Ẹ má ṣí sáìtì oníbàárà gan-an lójú àwọn èrò, kí orúkọ àwọn ọmọ ilé-ìwé, nọ́ḿbà fóònù àwọn òbí tàbí iye owó ọjà ẹnìkan má baà di ohun tí ẹni tó jókòó lẹ́yìn yín ń kà. Ẹ da sáìtì kọ, ẹ fi orúkọ àfiṣe rọ́pò ti gidi. Oníbàárà tó fọkàn tán yín kò sí níbẹ̀ láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìbéèrè yìí, ẹ lè fi ọ̀kan tó jẹ mọ́ owó tàbí àdéhùn iṣẹ́ kún un. Méjì ti tó.

Kọ̀ǹpútà àti ìrìnàjò

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé íntánẹ́ẹ̀tì gbọ̀ngàn. Nígbà tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá jọ so mọ́ ọn, ohun tó yẹ kó gba ìṣẹ́jú márùn-ún lè gba gbogbo òwúrọ̀. Nítorí náà, ilé ni kí ẹ ti ṣe ìmúdójúìwọ̀n kọ̀ǹpútà, ilé ni kí ẹ ti ṣí àkántì sórí WordPress.org, kí ẹ sì darapọ̀ mọ́ Slack tí àwọn tó ń ṣe WordPress fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, torí ẹ ó lò ó lọ́jọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí mo máa sọ nísàlẹ̀. Ẹ ra dátà, ẹ gbé ṣájà, power bank àti ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n kékeré kan dání. Ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n yẹn nìkan lè fún yín ní ọ̀rẹ́ mẹ́ta.

Bí Èkó bá ni àpérò náà, tí ẹ sì ń bọ̀ láti Ìbàdàn, ọkọ̀ ojú irin wà láti Moniya dé ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Alágómejì, Yaba; àwọn ará Abẹ́òkúta lè wọ̀ ọ́ ní Láderin. Ẹ yẹ àkókò rẹ̀ wò ṣáájú, torí bí ètò bá bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù, ó lè má bá a mu. Ẹni tí gbọ̀ngàn rẹ̀ bá wà ní Erékùṣù, ìmọ̀ràn mi ni pé kó wá ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ sùn sọ́dọ̀ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹni tó ti fi wákàtí mẹ́rin jókòó nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kò ní agbára ọ̀rọ̀ sísọ mọ́.

Ní gbọ̀ngàn

Ẹ dé kí èrò tó dé. Àkókò tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ ló rọrùn jù láti bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Lórí káàdì orúkọ yín, bí àyè bá wà, ẹ kọ iṣẹ́ yín gan-an sábẹ́ orúkọ: "Sáìtì ilé-ìwé", "Ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì", "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ PHP". Ó ń fún ẹlòmíràn ní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ẹ má gbìyànjú láti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ WordCamp ni wọ́n máa ń gbé sórí WordPress.tv lẹ́yìn, ẹ sì lè wò ó nílé. Ẹ mú mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó kan iṣẹ́ yín gbọ̀ngbọ̀n, kí ẹ sì wà níta fún ìyókù. Èmi máa ń fi ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sọ ohun tó ṣe, tó sì ń fi ibi tó ti kọsẹ̀ hàn, ṣáájú ti ẹni tó ń sọ bí ọ̀la ayé íntánẹ́ẹ̀tì yóò ṣe rí. Bí wọ́n bá ní kí ẹ béèrè ọ̀rọ̀, ìbéèrè ni kí ẹ béèrè. Ẹ má sọ ọ́ di àsọyé tiyín. Bó bá gùn, ẹ dúró de ẹni náà níta.

Ìta gbọ̀ngàn ni ọjà wà

Ibi tí wọ́n ti ń mu tíì, ìlà oúnjẹ, ẹ̀gbẹ́ ògiri tí ṣọ́kẹ́ẹ̀tì wà: ibẹ̀ ni ìbéèrè yín ti máa rí ìdáhùn. Mo mọ̀ pé ojú máa ń ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ kò nílò ọ̀rọ̀ ńlá. "Ẹ káàárọ̀ o. Orúkọ mi ni Bọ́lá, Òṣogbo ni mo ti wá, sáìtì ilé-ìwé ni mò ń ṣe. Ẹ̀yin ńkọ́?" Ó tó. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ tiwọn, ẹ bi wọ́n pé kí ló ń da iṣẹ́ wọn láàmú lásìkò yìí. Ẹ gbọ́ ọ dé òpin kí ẹ tó sọ tiyín.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí máa ń dí àwa Yorùbá lọ́wọ́ níbí. Orúkọ lásán ni wọ́n sábà máa ń fi pe ara wọn níbi àpérò báyìí, òun náà ló sì wà lórí káàdì. Bí ẹni tí ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀ bá jù yín lọ, kò sóhun tó ní kí ẹ má kí i bó ṣe yẹ, "Ẹ káàsán sà", "Ẹ kú iṣẹ́ mà", kí ẹ sì máa fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Ìtìjú kọ́ ni, kò sì ní kí ìbéèrè yín rọ̀. Ibi tó ṣòro ni ti àgbà tó ń tijú láti bi ọmọdé. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan lè mọ JavaScript ju ẹni tó ti ń ṣe ìkànnì kí wọ́n tó bí i. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ bi í.

Eric Holscher, ọ̀kan nínú àwọn tó dá àpérò Write the Docs sílẹ̀, ló gbé ìlànà kan kalẹ̀ tó ti tàn dé ọ̀pọ̀ àpérò: bí ẹ bá dúró yípo láti sọ̀rọ̀, ẹ máa fi àyè ẹnìkan sílẹ̀ nínú yípo náà, kí ẹni tó ń kọjá lè wọlé. Bó bá sì wọlé, kí gbogbo yín sún díẹ̀ kí àyè mìíràn lè yọ. Ẹ máa ṣe é. Ó rọrùn, ó sì ń gba ẹni tó dá wá, tí kò mọ ẹnikẹ́ni, là.

Lórí ọ̀rọ̀ owó, ẹ má bi ẹni tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé èló ló ń gbà. Ẹ bi í bó ṣe ń ṣe é: ṣé ó máa ń gba ìdajì owó kó tó bẹ̀rẹ̀? Kí ló kọ sínú àdéhùn nípa àtúnṣe tí kò lópin? Lórúkọ ta ni ó ń ra orúkọ ìkànnì (àdírẹ́sì tí à ń tẹ̀ láti dé sáìtì), tirẹ̀ àbí ti oníbàárà? Ìbéèrè kẹta yẹn ṣe pàtàkì púpọ̀, torí orúkọ ìkànnì tó wà lórúkọ ẹni tó ṣe sáìtì ti da ọ̀rẹ́ rú. Lórúkọ oníbàárà ló yẹ kó wà.

WordCamp kọ̀ọ̀kan ní òfin ìwà tí gbogbo ẹni tó wá gbọ́dọ̀ pa mọ́. Ẹ kà á, kí ẹ sì mọ ẹni tí ẹ lè fẹjọ́ sùn bí ẹnìkan bá ń fi ọ̀rọ̀ tàbí ọwọ́ kàn yín lọ́nà tí ẹ kò fẹ́. Mo ń bá àwọn ọkùnrin wí ní pàtàkì: obìnrin tó wá síbi iṣẹ́, iṣẹ́ ló bá wá. Ẹ béèrè kí ẹ tó ya ẹnikẹ́ni ní fọ́tò.

Àwọn tábìlì onígbọ̀wọ́ kò gba àkókò púpọ̀. Ẹ gba sítíkà; ẹ ó rí Wapuu níbẹ̀, ẹranko aláwọ̀ ìyeyè tó dúró fún WordPress, tí Kazuko Kaneuchi yà ní Japan ní 2011, tí ọ̀pọ̀ WordCamp ń wọ̀ ní aṣọ ìlú tiwọn. Ṣùgbọ́n bí ilé-iṣẹ́ sáfà (àwọn tó ń gba sáìtì sórí ẹ̀rọ wọn) bá ní tábìlì, tí wọ́n sì mú onímọ̀ ẹ̀rọ wọn wá, ẹ gbé ìbéèrè yín tọ̀ ọ́ lọ. Ẹni tí ẹ máa ń fi ọjọ́ mẹ́ta dúró dè lórí ímeèlì ló dúró níwájú yín yẹn.

Ọjọ́ iṣẹ́ ọwọ́

Àwọn WordCamp kan máa ń ya ọjọ́ kan tàbí ààbọ̀ ọjọ́ sọ́tọ̀ tí wọ́n ń pè ní Contributor Day. Kò sí pèpéle lọ́jọ́ yẹn. Tábìlì ni wọ́n ń tò, iṣẹ́ kan sì wà nídìí tábìlì kọ̀ọ̀kan: àwọn tó ń tún kóòdù WordPress ṣe, àwọn tó ń kọ ìwé ìlò, àwọn tó ń dáhùn ìbéèrè àwọn olùlò, àwọn tó ń fi fọ́tò ọwọ́ wọn sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè lò ó láìgba àṣẹ, àwọn tó ń túmọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fo ọjọ́ yìí, wọ́n ní àwọn kò tíì mọ nǹkan tó bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí púpọ̀, nítorí ọjọ́ yìí ni ẹ lè jókòó fún wákàtí mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ jù yín lọ, tí kò sì ní lé yín.

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá dáadáa kò sì lè sọ pé òun kò ní nǹkan mú wá. Ẹ lọ sí tábìlì ìtumọ̀. Ẹ wọlé sí translate.wordpress.org pẹ̀lú àkántì WordPress.org yín, ẹ wá Yorùbá nínú àwọn èdè, ẹ mú iṣẹ́ kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí gbólóhùn kúkúrú. Ohun tí ẹ bá kọ yóò dúró de olóòtú kó tó wọlé. Ibi tí ẹ bá rí %s tàbí %d, ẹ má túmọ̀ rẹ̀, ẹ má sì pa á rẹ́: orúkọ tàbí iye ni ẹ̀rọ máa fi síbẹ̀. Ẹ tún gbólóhùn náà tò kí ó bá Yorùbá mu, kí ẹ sì gbé àmì yẹn sí ibi tó tọ́.

Ẹ ṣètò àmì ohùn kí ẹ tó dé ibẹ̀. Windows ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tí ẹ lè yàn láti inú ètò rẹ̀, Gboard, kíbọ́ọ̀dù Google, sì ní i lórí fóònù. Ẹ fi ojú ẹ̀rọ wo iṣẹ́ yín: lẹ́tà bí ẹ́ àti ọ̀ kò ní ẹyọ kóòdù kan ṣoṣo nínú Unicode (ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ḿbà nínú ẹ̀rọ), lẹ́tà kan àti àmì ohùn kan ni wọ́n so pọ̀. Font (ìrísí lẹ́tà) tí kò bá mọ̀ ọ́n tò yóò gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà tàbí kó fi àpótí òfo rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ya ojú ìkànnì, ẹ dán font wò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bí "ọ̀rẹ́" àti "ẹ̀kọ́" kí ẹ tó fi í lélẹ̀ fún oníbàárà tó ń kọ Yorùbá.

Lẹ́yìn tí ẹ bá padà délé

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, kí oorun tó gbé yín, ẹ kọ orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá sọ̀rọ̀ àti ohun tó sọ. Láàárín ọjọ́ méjì, ẹ kọ̀wé sí wọn, kò gbọ́dọ̀ gùn: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni Bọ́lá tí a jọ sọ̀rọ̀ nípa ojú-ìwé èsì ìdánwò. Mo ṣe ohun tí ẹ sọ: table kan nínú database ni kò ní index. Ó ti ń ṣí kíá báyìí. Ẹ ṣeun púpọ̀." Ẹni tó ran yín lọ́wọ́ fẹ́ mọ̀ bó ṣe parí. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ náà, pẹ̀lú ohun tí ẹ rí. Ẹ má tíì béèrè iṣẹ́ tàbí ojúrere nínú lẹ́tà àkọ́kọ́.

Ìṣòro tí ẹ yanjú yẹn, ẹ sọ ọ́ níbi ìpàdé kékeré tó ń bọ̀ ní ìlú yín, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ẹ kíyè sí ibi tí wọ́n ti bi yín ní ìbéèrè, kí ẹ tún ibẹ̀ ṣe. Nígbà tí WordCamp mìíràn bá kéde pé àwọn ń wá ẹni tó máa sọ̀rọ̀, ẹ fi ránṣẹ́. Ohun tí wọ́n ń wá nínú fọ́ọ̀mù kò ju mẹ́ta lọ: àkọlé tó sọ ọ̀rọ̀ náà gan-an, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wà fún, àti ohun tí ẹni náà yóò lè ṣe tó bá gbọ́ ọ tán. Ẹ kọ ọ́ ní gbólóhùn kúkúrú, kí ẹ fi ránṣẹ́ kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ ti sọ ọ́ rí níbi ìpàdé ìlú yín.